Lápálápá Àpáta àti Igi Abẹ́rẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbé àpótí yín wá. Ẹni tó bá jókòó lókèèrè ò ní rí ẹran inú ọ̀rọ̀ yìí jẹ.

Ọdún kejì tí Dàhòmì gba òmìnira ni Ládélé, tí oko rẹ̀ bá ti ìyá kan tó ń jẹ́ Agathe pààlà, fa àdá yọ lórí àpáta Odomèta. Igi abẹ́rẹ́ ló fẹ́ gé. Igi ọ̀hún ò ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Pàdírì òyìnbó kan ló fún bàbá Agathe ní igi náà, bàbá sì gbìn ín sínú pàlàpálá àpáta, pé ààlà oko òun nìyẹn. Kò sí irú rẹ̀ títí dé Kétu. Bí igi bá lọ, oko Agathe lọ.

"Bàálẹ̀, igi tí bàbá wọn gbìn ti kú tipẹ́! Ìyá yìí ló gbin ọmọ kékeré yìí lọ́dún tó kọjá. Ẹ jẹ́ n gé e, ká wo inú rẹ̀ bóyá ó gbó." Ládélé ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàálẹ̀ tó wá dá ẹjọ́ wọn.

"Tó bá wá gbó ńkọ́? Ṣé itọ́ lo máa fi lẹ̀ ẹ́ padà?" Agathe ló dá a lóhùn.

Bàálẹ̀ Ògúndìran fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Agathe, ẹ̀rí dà? Tí kò bá sí, màá ní kó gé e."

Agathe wolẹ̀, ó rí lápálápá àpáta, ohun eléérú tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ níbẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Ó dá a:

Àgbàdo ń ga, mo rí i,
Ẹ̀wà ń fà, mo rí i,
Lápálápá àpáta, ìgbà wo lo rìn?
Mo darúgbó tán, ojú kan lo wà.

"Ládélé, ibi tó dán lára àpáta yẹn, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Ìyẹn ò le. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń pọ́n àdá."

"Ìgbà wo ni wọ́n pọ́n ọn kẹ́yìn?"

"Ọdún tí wọ́n kú. Ọgbọ̀n ọdún rèé."

"Ta ló tún pọ́n nǹkan níbẹ̀?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀!"

"Bàálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo lápálápá tó ti hù síbẹ̀."

Bàálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lápálápá náà kò tóbi ju èékánná lọ. Wọ́n wá lọ sídìí igi. Lápálápá kan náà ti gun gbòǹgbò rẹ̀ tó yọ síta, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà.

"Èyí tó tó èékánná lo ọgbọ̀n ọdún," Agathe ní. "Èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ wá ńkọ́? Ọdún tó kọjá náà ni?"

Ládélé wo èékánná ara rẹ̀, ó wo gbòǹgbò. Ó ki àdá bọ àkọ̀. "Bàbá tó bí mi ló jẹ́rìí takò mí. Ìyá, ẹ má bínú."

Bàálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Igi kékeré, àṣé àgbà ni! Ààlà ò yẹ̀."

Agathe ti ń jó ní tirẹ̀. Ó dáná sórí oko náà, ó sun iṣu, ó bu epo sí i. Ládélé ló jẹ jù.

"Oko lo fẹ́ jẹ," Agathe ní, "iṣu ibẹ̀ náà lo jẹ yìí. Ṣé ó yó ọ?"

"Ó yó mi, Ìyá."

Wọ́n yó, wọ́n fọwọ́ nu epo ẹnu, wọ́n sì fi orin lápálápá sin ara wọn délé.