Ẹ́ńjìnnì tí Ọ̀gá Hamid Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dé

"Kò sí ẹ́ńjìnnì kan ní gbogbo South London tí ọ̀gá mi fọwọ́ kàn tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀!" Mùsílíù na sípánà sókè bí ẹni tó ń ṣe wáàsí. "Kí wọ́n dì mí lójú, kí wọ́n gbé mi sí àárín Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé, kí ọkọ̀ ọ̀gá kọjá, màá dá a mọ̀! Ọkọ̀ yìí á gbé Alhaja dé ibojì ọ̀gá lọ́jọ́ Sunday, á sì gbé wọn padà. Mo fọwọ́ sọ̀yà!"

Ó sì fọwọ́ sọ̀yà lóòótọ́. Eruku sọ lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Nusaybah nìkan ló ń gbọ́ ọ. Nusaybah ni ọmọ Ọ̀gá Hamid, Peckham yìí ni wọ́n bí i sí, bọ́ọ̀sì ló ń wà. Baba rẹ̀ ló ra ọkọ̀ Mustang ọdún 1969 náà ní pàǹtírí irin lọ́wọ́ ará Catford kan, tó fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù abẹ́ afárá rélùwéè yìí, níbi tí Mùsílíù ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọsibítù Camberwell ni ọ̀gá dákẹ́ sí. Sunday tó ń bọ̀ ni àdúrà ogójì ọjọ́. Láti ìgbà tó ti kú, nǹkan kan ṣoṣo ni Alhaja Àsúmáù, ìyàwó rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ èèyàn: kí wọ́n fi ọkọ̀ ọkọ òun gbé òun lọ kí i.

Àmọ́ bàláńsà ọkọ̀ náà ti bàjẹ́. Irin róbótó iwájú ẹ́ńjìnnì ni bàláńsà, ó tó àwo ìjẹun, rọ́bà wà láàárín rẹ̀. Òun ló ń gba gbígbọ̀n mọ́ra kí kíráńkì, irin gígùn tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, má bàa ṣẹ́. Rọ́bà eléyìí ti ya, irin rẹ̀ ń mì bí eyín àgbà.

Ọ̀ràn bàláńsà ò le lójú Mùsílíù. Wọ́n ń fi ìwọ̀n kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n náà sì gbọ́dọ̀ bá ti kíráńkì mu, kó tún bá ti fíláwíìlì, irin róbótó ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, mu. Ìwọ̀n áúńsì méjìdínlọ́gbọ̀n ni ti ọkọ̀ ọdún 1969. Ìgbà tó yá ni wọ́n yí i sí àádọ́ta fún àwọn ọkọ̀ tuntun. Ó wo èyí tó bàjẹ́: méjìdínlọ́gbọ̀n, ihò bóòtù mẹ́ta. Ó ra irú rẹ̀ gan-an, ó dè é, ó ní bisimilláhì, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Gbogbo ọkọ̀ gbọ̀n. Kọ́ọ̀bù tíì tó wà lórí àpótí irinṣẹ́ rìn lọ fúnra rẹ̀, ó já sílẹ̀, ó fọ́. Omi lé sí Mùsílíù lójú.

"Ohùn ọ̀gá nìyẹn! Bó ṣe máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn nìyẹn gẹ́lẹ́!"

"Uncle, no disrespect o," Nusaybah wí. "Kí ló dé tó ń gbọ̀n?"

"Agbára ni. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni."

"Èyí tẹ́ ẹ yọ ń gbọ̀n, tuntun náà ń gbọ̀n. Tí bọ́ọ̀sì mi bá gbọ̀n báyìí, I swear, mi ò ní gbé e kúrò ní gáréèjì. Nǹkan kan ò bá nǹkan kan mu níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí abẹ́ ẹ̀ ká wò ó."

Mùsílíù pa ọkọ̀. Ó rọra gbé sípánà sílẹ̀.

"Ká ṣí kí ni? Ohun tí ọ̀gá dé?"

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, òfin kan wà tó ju òfin lọ. Ohun tí ọ̀gá bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ dé, ọmọ iṣẹ́ kì í ṣí i wò. Ọ̀gá nìkan ló ń ṣí i. Ẹni tó bá ṣí i, ó ti sọ fún ayé pé òun ò gba ọ̀gá gbọ́. Mùsílíù ti gba fírídọ́ọ̀mù tipẹ́, irun rẹ̀ ti ń funfun, síbẹ̀ kò ṣí i rí.

"Ọ̀gá ló máa ń ṣí i," ó wí.

"Ta ló máa wá ṣí i wàyí, Uncle?" Ohùn Nusaybah rẹlẹ̀. "Dadi ò padà wá mọ́."

Mùsílíù jáde, ó gba Rye Lane lọ láàárín àwọn tó ń yan ẹja àtàwọn tó ń dúnàádúrà iṣu, ó dé mọ́ṣáláṣí, ó kírun. Nígbà tó padà, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọ̀gá kó tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó kọjú sókè, ó ní, "Ẹ forí jì mí, sà," ó sì wọlé.

Gbogbo ohun tí ọ̀gá dé ló mọ́. Kò sí bóòtù kan tó dẹ̀. Ó yọ ìdérí fíláwíìlì: ìwọ̀n àádọ́ta ló wà lára rẹ̀. Ó tú abọ́ ọ́ìlì sílẹ̀, ó tan iná wo kíráńkì: ti àádọ́ta náà ni. Ọ̀gá ti mú kíráńkì àti fíláwíìlì inú ọkọ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó kó wọn síbí, ó sì fi bàláńsà ọdún 1969 sílẹ̀ níwájú. Ọdún ara ọkọ̀ ló tẹ̀ lé, kò ro ti inú ẹ́ńjìnnì.

Mùsílíù dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́. Àṣìṣe náà kéré jọjọ, ohun tó dùn ún nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣe irú ẹ̀, ọ̀gá á kó ìkó fún un lórí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ tó ń gbọ̀n kiri, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè é ní agbára.

Ó lè dé e padà kó panu mọ́. Ọkọ̀ náà lè gbọ̀n dé ibojì. Kíráńkì sì lè ṣẹ́ lójú ọ̀nà, pẹ̀lú Alhaja nínú rẹ̀, kí ohun tí ọwọ́ ọ̀gá ṣe di àkísà irin.

"Nusaybah," ó pè é láti abẹ́ ọkọ̀. "Bá mi wá bàláńsà fifty lórí fóònù rẹ. Oníhò mẹ́ta o. Oníhò mẹ́rin ló pọ̀ lọ́jà, púlè tó ń yí bẹ́líìtì wa ò sì ní wọ̀ ọ́."

Wọ́n rí ọ̀kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Kent. Nígbà tí Mùsílíù dè é tó sì yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn jẹ́jẹ́, bí àgbà tó ń fa tẹ̀sùbáà. Nusaybah gbọ́wọ́ lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó bú sẹ́kún. Mùsílíù yíjú sógiri.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ṣe àdúrà tán nílé. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí jáde, wọ́n yí ọkọ̀ ká, wọ́n tẹrí ba. Nusaybah ti wà nídìí síárìn. Alhaja Àsúmáù wọlé, ó jókòó, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó ń kùn náà.

Mùsílíù kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó ti ń ṣe àṣàrò ọ̀rọ̀ náà láti ìdájí.

"Alhaja, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ọ̀gá ò jẹ́ ṣe àṣìṣe láyé. Èyí kan ṣoṣo ni. Bàláńsà tí wọ́n fi síbẹ̀ ò bá inú ẹ́ńjìnnì mu, ìdí tó fi ń gbọ̀n nìyẹn. Mo ti tún un ṣe. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn tẹ́ ẹ bá débẹ̀, torí mo ṣí ohun tí wọ́n dé."

Àgbà kan nu ojú. Alhaja ṣì ń wo iwájú.

"Mo sọ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé mi sínú ẹ̀ pé ó ń gbọ̀n," ó wí. "Ó ní ara mi ló ń gbọ̀n."