Àwòrán Méjì Tí Kò Fẹ́ Di Ọ̀kan

Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Fótò kò fi fóònù ya èèyàn rí. Kámẹ́rà onífíìmù àtijọ́ kan ló ń lò, tó rà lọ́wọ́ oníròyìn kan kí òun fúnra rẹ̀ tó gbéyàwó. Kámẹ́rà náà wúwo bí òkúta, awọ ara rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n tó bá ya fọ́tò, ìró rẹ̀ kò ju òṣé lásán lọ. Fèrèsé kékeré kan wà lókè rẹ̀ téèyàn ń yọjú wò. Láàárín fèrèsé yẹn, ohun tá a fẹ́ yà máa ń hàn ní méjì, ọ̀kan gidi, ọ̀kan bí òjìji. Ṣe lèèyàn á rọra máa yí ojú kámẹ́rà títí méjèèjì á fi wọnú ara wọn. Tí wọ́n bá ti di ọ̀kan, àwòrán á mọ́ kedere.

"Bíi tọkọtaya ni," ló máa ń sọ fáwọn oníbàárà. "Tí wọn ò bá tíì bára wọn mu, má tíì tẹ nǹkan kan."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá a tún kámẹ́rà yìí ṣe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tí wọ́n ń pè ní Atúnbàjẹ́ṣe. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó há débi pé ìta ni oníbàárà ń dúró sí.

Lọ́dún kan, ilé iṣẹ́ rọ́bà pe Bàbá Fótò pé kó wá ya àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fẹ̀yìn tì. Kò tíì pẹ́ tí Atúnbàjẹ́ṣe tú kámẹ́rà náà, tó tún apá tó ń yí fíìmù ṣe. Bàbá Fótò to àwọn àgbà náà síwájú géètì, àwọn tó ga lẹ́yìn, àwọn tí orúnkún ń dùn lórí àga. Ó gbé kámẹ́rà sójú. Òjìji inú fèrèsé ti ṣá bí èéfín. Ó yí ojú kámẹ́rà síwá sẹ́yìn, kò rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Oòrùn ń pa àwọn èèyàn. Ó fojú díwọ̀n, ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó fọ fíìmù náà tán, tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, géètì ẹ̀yìn ló mọ́ gaara. Ojú àwọn èèyàn kò ṣeé dá mọ̀.

Ibi tó ti ń ronú ohun tó máa sọ ni obìnrin kan ti kanlẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ wà nínú fọ́tò náà. Ó ti kú lójú oorun lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n yà á.

"Fọ́tò rẹ̀ tó wà nílé ti pẹ́ gan-an, sà," obìnrin náà sọ. "Ó ṣì nírun lórí nígbà yẹn. Èyí tó rí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí ni mo fẹ́."

Bàbá Fótò na fọ́tò náà sí i. Obìnrin náà wò ó pẹ́, ó wá fìka tọ́ ọ̀kan. "Ṣé òun nìyí? Rárá, èyí dé fìlà." Ó dá a padà sórí tábìlì, ó sì dúpẹ́. Ìdúpẹ́ yẹn ló dun Bàbá Fótò jù. Ó gbé kámẹ́rà, ó forí lé abẹ́ àtẹ̀gùn.

"Kí lo fi nu dígí inú kámẹ́rà mi?"

Atúnbàjẹ́ṣe gbójú sókè. "Mi ò débẹ̀. Apá tó ń yí fíìmù nìkan ni mo tú."

"Ìwọ náà mọ̀ pé nǹkan fẹ́lẹ́ kan wà lójú dígí yẹn, téèyàn bá nù ún, ó bọ́ nìyẹn. O ti nù ún bọ́."

Atúnbàjẹ́ṣe gba kámẹ́rà, ó kọjú rẹ̀ sí títì, ó rọra yí i. "Mò ń rí méjèèjì, wọ́n sì pàdé. Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí wọ́n bá ọ wo ojú rẹ."

Ojú sì ni ayafọ́tò fi ń jẹun. Kéèyàn sọ̀rọ̀ yìí níṣojú oníbàárà méjì, ó dà bí ẹni pe awakọ̀ ní ọ̀mùtí.

"O bà á jẹ́ tán, o tún ń bú mi," ni Bàbá Fótò wí.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó rò ó fáwọn onífọ́tò, ó rò ó fáwọn alágogo tó ń tún aago ṣe, ó rò ó nílé iṣẹ́ rọ́bà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, oníbàárà ti sá, Atúnbàjẹ́ṣe ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó lọ ń báṣẹ́ nílé ìlagi àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ìlú.

Ìyàwó Bàbá Fótò ló kọ́kọ́ fura. "Tábìlì yìí ò kúrò níbi tó wà látìgbà tá a ti wọlé yìí," ló sọ. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kọlù ú lójoojúmọ́?" Ó fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

"Bàbá, iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀," ni dókítà náà sọ. "Kì í dunni, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi mọ̀. Oògùn lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Á tó ọdún mélòó kan, sà."

Ó dorí kodò. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ojú ló ń rò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń rò.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ mú un dé ilé ìlagi. Atúnbàjẹ́ṣe dìde lórí ìtì igi, ó na ọwọ́ sí i. Bàbá Fótò kò rí ọwọ́ náà dáadáa. Ìgbà tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ló mọ̀ pé ìka méjì kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Kí ló ṣe é?"

"Ayùn ni. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka àti igi."

Bàbá Fótò kúnlẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú pákó. "Ojú mi ni. Dókítà ti sọ fún mi. Kì í ṣe ìwọ."

"Mo ti mọ̀ látọjọ́ yẹn. Dìde, wọ́n ń gbé pákó bọ̀."

"Ṣé wàá dárí jì mí?"

Atúnbàjẹ́ṣe dúró kí ariwo ẹ̀rọ rọlẹ̀ díẹ̀. "Mo dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n má wá mọ́. Ṣebí ó yé ọ."

Bàbá Fótò ní kí ìyàwó òun mú òun yí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ti ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ ká. Ó ń wí níbi gbogbo pé irọ́ lòun pa mọ́ ọkùnrin náà. Àwọn kan ti gbàgbé. Alágogo kan bi í pé, "Ta tún ni Atúnbàjẹ́ṣe?"

Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, ojú òsì Bàbá Fótò ti kú, ọ̀tún ń rí kìkì ìmọ́lẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti gba ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀. Bàbá Fótò a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ lójú pópó, a béèrè pé ta ni, bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á kí i, wọ́n á kọjá lọ.