Ẹ̀bẹ̀ Tí Súmbọ̀ Lọ Bẹ̀

"Mummy, what did you say to him?"

Ṣeunfúnmi kò tíì bọ́ kóòtù, kò tíì bọ́ bàtà. Yìnyín tó lẹ̀ mọ́ bàtà náà ti ń yọ́ sílẹ̀ ilé ìdáná, ohun tí ìyá rẹ̀ kì í gbà fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn.

Súmbọ̀ gbójú sókè kúrò lára àlùbọ́sà tó ń gé. "Ta ni mo sọ kí ni fún?"

"Dr. Pratt. He says you came to his office and apologised for me."

Inú Súmbọ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó rò pé ọkùnrin náà ti gba ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ. Mo ní kó má bínú, mo ní ọmọdé ló ń ṣe é, mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ṣé ó ti gbọ́?"

"Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́?" Láti ìgbà tó ti wà ní daycare ni Ṣeunfúnmi ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn òbí rẹ̀ lóhùn, àmọ́ Yorùbá ló bọ́ sí i lẹ́nu báyìí. "Mummy, kí ni kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́? Kí ni mo ṣe?"

Súmbọ̀ ti àlùbọ́sà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"He told the committee you admitted it. I have to face them on Thursday. They can suspend me for a whole year." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "You didn't even ask me if I wrote it."

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́."

"Then why did you beg?"

Ó gba orí àtẹ̀gùn lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Ìwé ló fa gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ ẹnjiníà, lítíréṣọ̀ ni Ṣeunfúnmi lóun fẹ́ kà ní yunifásítì. Súmbọ̀ àti Tádé ọkọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Lọ́dún kẹta yìí, òǹkọ̀wé ará Ireland kan ló wá gba ọmọ náà lọ́kàn, ọkùnrin kan tó ti kú kí wọ́n tó bí àwọn òbí Súmbọ̀, tí wọ́n ní ó wà lára àwọn tó yí bí ayé ṣe ń kọ ìtàn padà. Àwọn ìwé rẹ̀ le koko bí ojú ẹja. Súmbọ̀ gbé ọ̀kan wò nínú train lọ́jọ́ kan, kó tó dé downtown ó ti dá a padà sínú báàgì. Tádé ní ọkùnrin yẹn ti di àlejò tí kì í lọ ilé rẹ̀ mọ́, torí kò sí oúnjẹ alẹ́ tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló yé Súmbọ̀ yékéyéké nípa òǹkọ̀wé náà. Ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀ káàkiri, síbẹ̀ ìtàn ìlú tó fi sílẹ̀ yẹn ló ń kọ títí ó fi kú. Ìyẹn kò nílò olùkọ́ kankan kó tó yé e.

Lórí àwọn ìwé ọkùnrin yìí ni Ṣeunfúnmi kọ àròkọ gígùn kan. Nígbà tí Dr. Pratt tó ń kọ́ wọn kà á tán, ó dá ọmọ náà dúró lẹ́yìn kíláàsì, ó sì bi í pé ta ló bá a kọ ọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò béèrè bóyá òun ló kọ ọ́. Ó ti parí ìyẹn lọ́kàn ara rẹ̀, orúkọ ẹni tó bá a kọ ọ́ ló kù tó ń béèrè. Ó ní àròkọ náà ti jinlẹ̀ jù fún ọmọ tí kì í lanu sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, àfi bó bá jẹ́ pé èèyàn kan tàbí kọ̀ǹpútà ló bá a ṣe é. Ẹ̀rí tó ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́ ni Ṣeunfúnmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Láti oṣù September ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ti ń pè é ní Ìdùnnú, orúkọ ọmọ Nàìjíríà kejì tó wà nínú kíláàsì náà. Ọmọ náà tún un ṣe fún un títí ó fi sú u.

Lọ́jọ́ tí Súmbọ̀ gbọ́, ó pe Tádé ní Fort McMurray, ìlú mìíràn ní Canada níbẹ̀, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ epo.

"Tètè lọ bẹ̀ ẹ́," Tádé wí. "Má jẹ̀ẹ́ kó dé iwájú àwọn ọ̀gá ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn méjèèjì nìyẹn. Ní Ìkìrun tí Súmbọ̀ ti dàgbà, bí tíṣà bá ń bínú sí ọmọ, òbí á lọ. Kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Òbí á kúnlẹ̀, á ní ẹ má bínú, ojú tíṣà á rọ̀, á ní ẹ dìde, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, tí òbí á wá rọra sọ pé, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yìí lóun ò ṣe é o. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń wọlé. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ ṣe nǹkan kan. Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀, òbí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó dúró síta náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ni Súmbọ̀ bá gbàyè níbi iṣẹ́, níbi tó ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ gáàsì kan, ó wọ train lọ sí yunifásítì. Nínú kóòtù nípọn nípọn tó wọ̀, ó tẹ orúnkún lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọkùnrin náà. "Please sir, don't be annoyed," ó wí. "She's a small girl. It will not happen again. I'm begging you." Dr. Pratt rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fún un ní àga, ó sì dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́ fún òun. Súmbọ̀ rò pé ojú ti rọ̀ nìyẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an ni ọkùnrin náà bá dìde, tó ṣí ilẹ̀kùn fún un pé ó dàbọ̀. Súmbọ̀ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jáde.

Ó rántí ọpẹ́ yẹn nílé ìdáná báyìí. Ó pa gáàsì, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá ọmọ rẹ̀. Ṣeunfúnmi dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Fún mi ní àròkọ yẹn kí n kà á."

"Now?"

"Ó yẹ kí n ti kà á kí n tó jáde nílé."

Ọmọ náà ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i láìwo ojú rẹ̀. Súmbọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń kà á díẹ̀díẹ̀. Àròkọ náà ní nínú àwọn ìwé òǹkọ̀wé ará Ireland yìí, àwọn èèyàn kì í yé bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ń bẹ àlùfáà, wọ́n ń bẹ ọ̀gá ọ́fíìsì, wọ́n ń bẹ onílé, bẹ́ẹ̀ wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní bí ó bá ti pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ń jọba lórí ìlú èèyàn, onítọ̀hún á ti máa tọrọ àforíjì kí wọ́n tó fẹ̀sùn kàn án, bóyá ìyà náà á fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni Súmbọ̀ dé ibi tó ti bá ara rẹ̀ pàdé. Ṣeunfúnmi kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ fún òun, torí ọ̀kan nínú wọn ló bí òun. Ó ní ẹni tó bá tẹ ìyá òun lẹ́sẹ̀ nínú train, ìyá òun ló máa bẹ onítọ̀hún. Ó ní ìyá òun a máa bẹ dókítà kó tó sọ ibi tó ń dùn ún. Bí ó bá sì ń bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ló ń jẹ́wọ́, ọ̀nà tó máa gbà wọlé ló ń wá. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ìjẹ́wọ́, àwọn ìwé náà kò tíì yé e.

Ojú kọ́kọ́ ti Súmbọ̀. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó rí i pé wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ ibẹ̀ ni ìtìjú náà di nǹkan mìíràn.

"Ta ló fàlà síbí?"

"He did. He wrote 'source?' beside it."

"Ó kà á, kí n tó lọ bá a?"

"Of course. That's the page he was angry about."

Súmbọ̀ gbé kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀. "Ó kà nípa mi tán. Mo wá wọlé tọ̀ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bí o ṣe kọ ọ́ síbí, kò dá mi mọ̀."

Ṣeunfúnmi dìde jókòó. Ó sún mọ́ ìyá rẹ̀.

Ìbínú tí Súmbọ̀ ti gbé mì ní ìlú yìí pọ̀. Ó gbé e mì níwájú àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dáa àmọ́ kò ní ìrírí Canada. Ó gbé e mì nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ mú èrò rẹ̀ lọ ka síwájú ìpàdé bíi pé tirẹ̀ ni. Kò sí èyí tó dùn ún tó eléyìí. Àwọn yẹn, òun ni wọ́n rẹ́ jẹ. Eléyìí mú ẹ̀bẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó fi lu ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó di Wednesday, ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí Ṣeunfúnmi pé bó bá jẹ́wọ́, òdo lórí àròkọ náà nìkan ni yóò gbà, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá sì ta kú tí wọ́n dá a lẹ́bi, yóò lọ jókòó sílé fún ọdún kan. Tádé pè lọ́gán.

"Jẹ́ kó gbà á, ká mú un kúrò nílẹ̀. Ìwọ náà tún bẹ̀ wọ́n sí i."

"Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́, Tádé."

"Súmbọ̀, ọdún kan o."

"Mo gbọ́. Ọmọ yìí lóun ò ní jẹ́wọ́ ohun tí òun ò ṣe, èmi náà ò ní bá a jẹ́wọ́ ẹ̀."

"Ó dáa," Tádé wí níkẹyìn. "Ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá ti jáde."

Yàrá kékeré kan ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Èèyàn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó ti hewú sì ni alága. Dr. Pratt jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ti jẹun tán. Alága bi Súmbọ̀ bóyá òótọ́ ni pé ó lọ tọrọ àforíjì fún ọmọ rẹ̀. Súmbọ̀ ní òótọ́ ni. Alága wá bi í pé kí ni ọmọ náà ṣe tó fi tọrọ rẹ̀.

"Kò ṣe nǹkan kan," Súmbọ̀ wí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ohun tó sọ nìyí. "Níbi tí mo ti wá, ẹni tí inú ń bí la kọ́kọ́ máa ń bẹ̀, kó lè fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu wa. Mo bẹ̀bẹ̀ tán, ọkùnrin yìí ò gbọ́ tẹnu mi, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ó lọ sọ fún yín pé mo jẹ́wọ́. Mi ò bá a jà pé kò mọ àṣà wa. Àmọ́ ọmọ mi ṣàlàyé ẹ̀ fún un nínú àròkọ yìí. Ó kà á, ó fa ìlà pupa sí i, ó ní kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí náà ló wọ ọ́fíìsì ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bi í bóyá ó rí i."

Alága wo Dr. Pratt. Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n. Ó ní òun kò ronú kan ìyẹn.

Wọ́n wá ní kí Ṣeunfúnmi sọ̀rọ̀ lórí àròkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa àwọn ará ìlú inú ìwé yẹn, bí wọ́n ṣe ń bẹ àwọn tí kò sàn jù wọ́n lọ, ohùn náà dúró. Ìgbìmọ̀ bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn, ó tún bi wọ́n. Súmbọ̀ ń gbọ́ ọmọ rẹ̀, òǹkọ̀wé tó ti di àlejò inú ilé wọn sì ń yé e díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Wọ́n ní kí wọ́n lọ dúró níta. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n padà, alága ní kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn ọmọ náà, olùkọ́ mìíràn ni yóò sì fún àròkọ náà ní máàkì. Ṣeunfúnmi di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń sunkún.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Dr. Pratt ti bá wọn. Súmbọ̀ ló kọjú sí, ó na ọwọ́ sí i, ó ní òun rò pé kò sí ìbínú láàárín àwọn mọ́. Súmbọ̀ mọ bí èyí ṣe máa ń parí. Yóò gba ọwọ́ náà, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ẹ ṣeun, kálukú á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kò gba ọwọ́ náà.

"Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀," ó wí. "Ọmọ mi rèé. Òun lẹ máa bẹ̀."

Ọkùnrin náà wo ìyá, ó wo ọmọ, ó wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn wọn. Súmbọ̀ gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà, ó dúró tì í, ó sì ń retí.