Gìgísẹ̀ Ọkọ Màmá Oyèbísí

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, inú ọkọ̀ oníbàárà ni mo sì ti lá a. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa rán ìjókòó mọ́tò, kí n sì máa tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i nílẹ̀. Ẹ ti rí ọkọ̀ pupa kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, oníjókòó méjì, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ayé àtijọ́ fi ń sáré. Olóògbé ọkọ Màmá Oyèbísí ló ni ín. Màmá ní, "Gàníù, pààrọ̀ gbogbo kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí gìgísẹ̀ ọkọ mi ti jẹ ẹ́ dihò níbi tó ti ń tẹ tọ́tù kí ọkọ̀ lè sáré yẹn, má jẹ̀ẹ́ kó sọnù. Rán an mọ́ tuntun fún mi."

Mo tẹ́ ògbólógbòó lé tuntun lórí, mo fi wọ̀n ọ́n, mo gé e, ó ṣe rẹ́gí. Inú mi dùn débi pé nígbà tí àwọn aládùúgbò wá tọrọ àjákù tí wọn yóò fi máa nusẹ̀, ṣe ni mo ń pín in bíi sàárà. Àṣé gìgísẹ̀ bàbá wà nínú ẹ̀! Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yẹ ẹnu ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn wò, n kò rí i. Aago mẹ́rin àná ni Màmá sì ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà, adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìyẹ. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ.

Kápẹ́ẹ̀tì tuntun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ kúulé o. Àlejò ni mí. Ta ni kí n kọ́kọ́ kí?"

Mo ní kó kí bíréèkì, òun ló dàgbà jù. Ó kí i. Bíréèkì ní òun kì í dá ayédèrú lóhùn.

Ni ọkọ̀ bá gbéra, a ń lọ lókè òrùlé. Ọ́fíìsì ìjọba kan léfòó síbẹ̀, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó iná kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ojúlówó wò. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Akọ̀wé àgbà kan tó dé fìlà wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Ojúlówó dà?"

"Ó wà nílé, sà."

"Nílé ta?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ gbogbo aládùúgbò fún un, ó já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ìwọ gan-an ńkọ́? Ṣé ojúlówó Gàníù ni ẹ́, àbí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ?"

Mo ní kò dá mi lójú, sà, torí ṣòkòtò tí mo wọ̀ ṣì tuntun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ Màmá wọlé, wọ́n ń tiro. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Gàníù, gìgísẹ̀ mi dà? Ìyàwó mi ti múra, mo fẹ́ gbé e jáde, n kò rí ibi fẹsẹ̀ lé."

Ojú tì mí. Ẹkún gbà mí lẹ́nu, omijé ń kán sí kápẹ́ẹ̀tì tuntun tó ti tẹ̀lé mi wọlé. Ó ní kí n rọra, òun ò tíì dọ̀tí rí.

Mo yíjú sí akọ̀wé àgbà pé kó gbà mí. Ó ti di òbúkọ. Fìlà ṣì wà láàárín ìwo ẹ̀, nítorí náà mo ṣì ń pè é ní sà.

"Sà, ẹ bá mi wá a nínú fáìlì."

Ó ní, "Mo wà lórí àga, n kò lè dìde. Ẹni tó bá ń wá ojúlówó, kó gbé mi."

Mo fà á níwo. Ó ké, "Mẹ̀ẹ́!"

"Mẹ̀ẹ́!" tí mo gbọ́ yẹn ló jí mi. Òbúkọ Ìyá Muínà, aládùúgbò mi, ló ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo sáré lọ síbẹ̀, oorun ò tíì dá lójú mi. "Sà, ẹ dákun, ẹ dìde!"

"Gàníù, òbúkọ mi lò ń pè ní sà?"

"Kí lẹ tẹ́ sábẹ́ ẹ̀, mà?"

"Àjákù tó o fún mi náà ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù jù fún un."

Mo gbé òbúkọ kúrò. Ihò róbótó kan wà láàárín àjákù náà. Kí n tó gbọn ìdọ̀tí ẹ̀ nù, Màmá Oyèbísí ti dé. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ki gìgísẹ̀ tiwọn bọ inú ihò náà. Kò kún un.

Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ẹ̀ tóbi, àbí?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àjákù náà sí imú. "Gàníù, kí ló ń rùn báyìí?"

Mo ní, "Akọ̀wé àgbà ló jókòó lé e, mà."