Eyín Ìgbín

"Ìgbín ò léyín," ni Bàbá Àgbà wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára ilẹ̀kùn tó ń fá ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀. "Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ìgbín léyín, irọ́ ló pa."

"Ìwé ló sọ ọ́," ọmọ ọmọ rẹ̀ fèsì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, Kílódé sì ni gbogbo ilé ń pè é, torí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ìwé pẹlẹbẹ kan lé orí tábìlì iṣẹ́, láàárín pàǹtí igi. "Tíṣà wa ní ìwé yìí kì í ṣe ìtàn. Ó ní òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Eyín ìgbín lé ní ẹgbẹ̀rún."

Bàbá Àgbà dá iṣẹ́ dúró. "Ẹgbẹ̀rún eyín. Èmi tí mo jẹ́ odidi èèyàn, mẹ́tàdínlógún ló kù lẹ́nu mi."

Kílódé kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìwé, ó wo bàbá, ó tún wo ìwé. Bàbá Àgbà rí i pé ọmọ náà ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí òun gbà gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún gan-an.

Láti ìgbà tọ́mọ yìí ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kó ìbéèrè wá. Bàbá Àgbà ò sì sọ pé òun ò mọ̀ rí. Èyí tí kò bá mọ̀, á gbẹ́ ìdáhùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó ṣe ń gbẹ́ ẹsẹ̀ àga. Kí ló dé tí ààrá fi ń sán? Wọ́n ń wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lókè ni. Kí ló dé tí òṣùpá fi ń kéré sí i? Wọ́n ń fi ìfági fá a ni, àwọn ìràwọ̀ yẹn sì ni pàǹtí rẹ̀. Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á gbà, á bá eré rẹ̀ lọ. Ìwé kan wá dé báyìí, kò nípọn ju bébà díẹ̀ lọ, ó fẹ́ gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lọ síbi pàtàkì, ó sì ki ìwé náà bọ abíyá.

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ bá ìwé jà ni?" Ìyá Àgbà bi í.

"Mo fẹ́ lọ bá ẹni tó ń fún ọmọ mi ní irọ́ kà."

"Ó dáa. Ẹ má gbàgbé awò ojú yín o, kẹ́ ẹ lè rí ibi tí irọ́ náà wà."

Ọ̀dọ́bìnrin ni Tíṣà tó bá nílé ìwé, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó kí Bàbá Àgbà dáadáa, ó jẹ́ kó sọ tinú rẹ̀ tán, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá.

"Inú mi dùn pé ẹ wá, Bàbá," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara ògiri yẹn."

Àwọn bébà kéékèèké ló lẹ̀ mọ́ ògiri, ìbéèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wà lára tirẹ̀, ní lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ. Tíṣà ṣàlàyé pé nígbà tí òun kọ́kọ́ kó irú ìwé yìí wá, ńṣe làwọn ọmọ ń kà á bí ìtàn. Nígbà tí wọ́n ka ti ìgbín tán, ọ̀kan béèrè bóyá ìgbín náà padà délé. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ìwé láìjẹ́ pé ó ní ohun tó fẹ́ mọ̀.

"Tí ìwé bá sì dáhùn, a kì í kàn gbà á bẹ́ẹ̀," ó wí. "A máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó gbé abọ́ gíláàsì kan kúrò lójú fèrèsé. Ìgbín kan lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú, Tíṣà sì ti fi ìyẹ̀fun pípò pa ibẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ ya bò wọ́n, àfi Kílódé. Ẹ̀yìn ló dúró sí, ó dorí kodò, ó ń fọwọ́ fún etí aṣọ rẹ̀. Ó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà wá ṣe.

Bàbá Àgbà jókòó sórí àga àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Tíṣà fún un ní gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ẹnu ìgbín là, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó họ ìyẹ̀fun, ó padà wọlé. Ó tún yọ, ó tún họ. Ibi tó bá ti kọjá, ìlà wẹ́wẹ́ ló ń fi sílẹ̀, wọ́n sún mọ́ra, wọ́n sì ṣe déédéé. Bàbá Àgbà wò ó títí. Ó mọ ìlà yẹn. Ogójì ọdún ló ti fi ń rí i lára igi.

"Fáìlì ni," ó rọra wí. Ó wá yíjú sáwọn ọmọ. "Irin kan wà tí mo fi ń họ igi. Eyín wà lára rẹ̀ lọ súà, wọ́n kàn kéré ni. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára."

"Ohun tó wà lójú ewé kẹsàn-án nìyẹn," ni Tíṣà wí. "Ìwé ní ahọ́n rẹ̀ dà bíi fáìlì. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò rí fáìlì rí ni."

Ó ku nǹkan kan. Bàbá Àgbà lè dìde kó máa lọ, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ó wá ojú Kílódé kàn láàárín wọn.

"Ìgbín léyín," ó wí. "Ìwé yín ló tọ̀nà. Èmi ni mi ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ò wúwo lẹ́nu tó bó ṣe rò. Kílódé gbórí sókè.

Lọ́sàn-án, nígbà tí ilé ìwé parí, Bàbá Àgbà rò pé ọmọ náà máa kọjá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Ṣọ́ọ̀bù ló yà sí tààrà. Ó gun orí tábìlì iṣẹ́, ó jókòó sáyè rẹ̀.

"Bàbá Àgbà, òṣùpá ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fá a?"

Ìdáhùn kan ti wà nílẹ̀, ó ti dán, ó ti jọ̀lọ̀. Bàbá Àgbà gbé ìfági sílẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ó wí. Ó yọ pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó fún un, ó sì fa ègé pákó kan sún mọ́ ọn. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Lọ́la, ká wá ìwé tó sọ̀rọ̀ òṣùpá, ká jọ kà á."

Kílódé kọ ọ́, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó parí, ó na pẹ́ńsù sí i.

"Ó kàn yín."

Kò tíì sẹ́ni tó ní kí Bàbá Àgbà mú ìbéèrè tirẹ̀ wá rí. Ó họ orí, ó ronú, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ tọmọ náà: *Ta ló jókòó ka eyín ìgbín?*