Bàbá Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Eré

Ó ti rẹ Tíṣà Àkànjí. Ìgbà karùn-ún rèé tí Ọlákúnlé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣètò ìlanilọ́yẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, máa wá láti Ìkìrun bá a ní Ìnísà nítorí eré kan ṣoṣo. Eré ọ̀hún, tí Tíṣà kọ fún un, ò gùn. Ìyá kan ni, ọmọ ẹ̀ kú ikọ́ líle torí pé kò tètè gba abẹ́rẹ́; bàbá ọmọ ló dá ìyá dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ bàbá yìí kúrò," Ọlákúnlé ní. "Àwọn ìyá ló ń gbé ọmọ wá sọ́sibítù. Ẹ jẹ́ kí ìyá kúnlẹ̀ níparí, kó ní, 'Èmi ni mo pa ọmọ mi.' Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kó wọ̀ wọ́n létí."

Ọ̀rọ̀ Àkànjí fúnra ẹ̀ ni ti bàbá inú eré náà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Mojíbọ́lá ìyàwó ẹ̀ pọn Adéṣẹwà, ọmọ oṣù mẹ́ta, ó ń lọ gba abẹ́rẹ́. Àkànjí ló pè é padà. Eré ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀la, aṣọ àwọn òṣèré ò tíì parí, Mojíbọ́lá sì ni télọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ò jìnnà. Kí oṣù tó parí, ikọ́ líle ti gbé ọmọ lọ. Látìgbà náà ni ìyá Àkànjí ti ń pe Mojíbọ́lá ní aláìbìkítà, ọkọ sì ń gbọ́, kò la ẹnu. Eré yìí ló fẹ́ fi la ẹnu ọ̀hún.

Ó bá Ọlákúnlé jiyàn títí ẹnu fi ro ó. Ká má purọ́, ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara tún tù ú díẹ̀. Ó mú bírò, ó sì fagi lé bàbá.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ l'Ókukù. Mofolúwakẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ Àkànjí tó ṣe ìyá, kúnlẹ̀, ó sunkún débi pé àwọn obìnrin ń fi ìborùn nu ojú. Inú Ọlákúnlé dùn ṣìnkìn.

Lọ́dọ̀ọ wa, eré ò tíì tán bí wọn ò bá tíì béèrè ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn òǹwòran. Eré tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀bà tí kò lọ́bẹ̀ ni. Àkànjí gba máíìkì.

"Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́?"

Obìnrin kan láti Ìgbàyè ní òun máa gbé ọmọ òun lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́la. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Mojíbọ́lá dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà." Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. "Ẹ̀kọ́ yẹn dáa. Kí àwọn ọmọ gba abẹ́rẹ́. Mo kàn fẹ́ béèrè ni: ọmọ yẹn ò ní bàbá ni?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọlákúnlé ń mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí tíṣà má dáhùn. Ojú ti Àkànjí, ojú náà sì ti ń tì í láti ọdún mẹ́fà.

"Ó ní bàbá," ó wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ni. Mojíbọ́lá ti ń lọ, èmi ni mo dá a dúró, kó wá bá mi rán aṣọ eré."

Ẹ̀rín dá. Mojíbọ́lá ò sunkún, kò sì wo ojú ọkọ ẹ̀. Ó rọra jókòó, ó yíjú sí ìyá ọkọ ẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ ti gbọ́ báyìí."