Okùn Tí Ọkọ Mi àti Ìyá Rẹ̀ Dì Mú

Bísí ọ̀rẹ́ mi, má fi ìwé mi rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé mi ò kàwé jìnnà. Lóru àná mo lálàá pé mò ń fo okùn bí ìgbà èwe wa, inú mi sì ń dùn. Ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ ló di okùn náà mú.

"Fò dáadáa, ìyàwó! Ṣé àpò ẹ̀wà lọmọ mi gbé wálé ni?"

Bí mo ṣe ń fò, ẹran ara mi ń já bọ́, ìyá ọkọ mi sì ń gbá a sínú garawa. Nígbà tó yá, aṣọ ìró mi nìkan ló ń fò. Ọkọ mi yọjú wo inú ìró náà.

"Ìyàwó mi dà?"

Mo fẹ́ dáhùn, mi ò lẹ́nu mọ́.

Ìbínú ni mo bá jí. Kí ọkọ mi tó jí, mo tú ẹ̀gbẹ́ bùbá tó ti ń fún mi láti ìgbà tí mo bímọ, mo fi aṣọ kún un.